Ta Ló Ni Ijó? Onílé, Àlejò àti Ẹ̀bùn Ìdíje ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí, gbogbo wa la sì máa ń mirí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi: bí ewé náà bá di ọṣẹ tán, tí wọ́n wá ń pín ẹ̀bùn fún ọṣẹ tó hó jù lọ́jà, ṣé ewé lè gbégbá orókè? Àbí ṣe la máa fà á sẹ́yìn, ká ní, "Ìwọ, ewé ni ẹ́ o, má gbàgbé ara ẹ"?

Ọ̀rọ̀ tó gbé ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ní Buenos Aires, olú ìlú Argẹntínà, láti 2003 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje àgbáyé fún ijó tango. Ìsọ̀rí méjì ló ní. Ọ̀kan ni ti orí ìtàgé, níbi tí wọ́n ti ń dárà lóríṣiríṣi. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní salon tẹ́lẹ̀, ìyẹn ijó bí àwọn ará ìlú ṣe ń jó o ní gbọ̀ngàn: tọkùnrin tobìnrin á dìmọ́ra, wọ́n á máa rìn yí ilẹ̀ ká pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sí pé à ń gbé ara wa sókè bí ẹni ń ṣe idán. Ìsọ̀rí kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ará Buenos Aires máa ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí pé tàwọn gan-an nìyẹn. Ní 2009, àwọn méjì kan láti Jàpáànù, Hiroshi àti Kyoko Yamao, ló gba ipò kìíní nínú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ UNESCO kọ tango mọ́ àwọn ogún àṣà aráyé. Argẹntínà àti Uruguay ló jọ béèrè fún un.

Ẹ fojú inú wò ó ná. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ará Jàpáànù méjì bá wá gba ipò kìíní nínú ijó bàtá ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níwájú àwọn ọmọ Àyàn. Ẹnìkan á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ fún un." Ẹlòmíràn á ní, "Àwọn yìí tún fẹ́ gba èyí lọ́wọ́ wa?" Àwọn méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí tango fúnra rẹ̀ ti wá. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn tó wá fi ọkọ̀ ojú omi wọ Buenos Aires àti Montevideo láti Ítálì àti Sípéènì bá àwọn ọmọ ìlú pàdé ní àdúgbò mẹ̀kúnnù. Àwọn ọmọ ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tàwọn ti ìlù àti ijó candombe wọn. Nínú ìdàpọ̀ yẹn ni tango ti jáde. Ijó tí àlejò bí ni. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onílé tango lónìí, bàbá bàbá rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìmọ èdè ìlú.

Ẹ má wí pé kí ló kan tiwa nínú ọ̀rọ̀ Argẹntínà o. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ọgbà wa níbí, ẹgbẹ́ àṣà kan tí èmi náà wà nínú rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdíje ijó bàtá. Ọmọbìnrin kan forúkọ sílẹ̀. Auchi ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Challenge ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, àtìgbà tó ti wà ní kékeré ló sì ti ń jó bàtá. Gbogbo ẹni tó rí i níbi ìgbáradì ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Ni ẹnìkan bá dìde nípàdé, ó ní kó jó, kò burú, ṣùgbọ́n kí a má fi í sípò kìíní, torí pé ipò kìíní gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan hó lé e lórí. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, a ò sì tíì dìbò. Mo lọ ka ìwé nítorí rẹ̀. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ lè kà á kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn tí à ń gbé yìí, ta ló ni ín? Ní nǹkan bíi 1829, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú púpọ̀ ká nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ ogun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá kan, fi ibí ṣe àgọ́. Máyẹ̀ Òkúnadé tó kọ́kọ́ ṣolórí wọn, ará Ifẹ̀ ni. Olúyẹ̀dún tó ṣolórí lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Àfọ̀njá Ìlọrin ni. Olúyọ̀lé tí à ń fi orúkọ rẹ̀ ki ìlú, Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ààrẹ Látòóṣà tó kó Ìbàdàn wọ ogun Kírìjì, ọmọ Ìlọrà ni. Kò sí ọba aládé tó ń fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ nígbà náà. Ẹni tó bá lákin lójú ogun, tó sì lẹ́ni lẹ́yìn, òun ló ń gòkè. Èmi ò sọ pé ìlú aláàánú ni o, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó lẹ́rú wá síbí. Ohun tí mò ń wí ni pé nínú ìdíje oyè, ìṣe ni wọ́n ń wò. Wọn kì í bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n rì ìwọ́ rẹ mọ́.

Nígbà tó wá pẹ́, ilẹ̀kùn náà ń fún. Lóde òní, ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ mọ́gàjí agbolé, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàsọ̀ oyè ní ẹsẹẹsẹ. Àwọn agbolé náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn, jagunjagun tó ti ibòmíràn wá ló dá wọn sílẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pàgọ́ síbí, síbẹ̀ nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú mìíràn wá kọ́lé sí Òkè-Àdó láyé òyìnbó, àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n, títí wọ́n fi ní ẹgbẹ́ tiwọn tí wọ́n ń pè ní Native Settlers' Union láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀. Àlejò àná ti di onílé òní, ó sì ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò òní. Ẹni tó bá ti Ring Road lọ sí Bódìjà, tó gba Dùgbẹ̀ kọjá lábẹ́ Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965, owó kòkó gbogbo agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn ló ń wò yẹn. Ìbàdàn tuntun yìí náà, àjọṣe ló kọ́ ọ.

Láàrin ìlú yìí, nítòsí Dùgbẹ̀ yẹn náà, ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ gan-an ti ṣẹlẹ̀. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀, nínú ilé kan tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀: Wole Soyinka, ọmọ Ẹ̀gbá; Chinua Achebe àti Christopher Okigbo, ọmọ Ìgbò; J. P. Clark, ọmọ Ìjọ̀. Ezekiel Mphahlele, ará Gúúsù Áfíríkà tó sá kúrò lọ́wọ́ ìjọba apartheid, tó sì ń kọ́ni nílẹ̀ wa níbí. Àti Ulli Beier, ará Jámánì tó ti wà ní yunifásítì Ìbàdàn láti 1950. Orúkọ náà pàápàá, Mbari, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni; ilé tí àwọn Ìgbò máa ń fi amọ̀ mọ ère sí fún òrìṣà ilẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ dá irú ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, ará ọjà gbọ́ Mbari, wọ́n gbọ́ ọ sí Yorùbá: "Mbárí, mbáyọ̀," ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Ọ̀rọ̀ àlejò wọ etí onílé, ó di ọmọ ilé láì dá ẹnikẹ́ni lágara. Ewé ti di ọṣẹ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ báyìí ló ní ẹ̀bùn kan fún akéwì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà ní ààlà: akéwì aláwọ̀ dúdú nìkan ló wà fún. Ẹ má yára bú wọn o. Ẹ rántí ìgbà náà. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Fún ọdún gbọ́ọ́rọ́, àwọn òyìnbó ló ń pín ẹ̀bùn fún ara wọn, tí wọ́n sì ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò lè kéwì. Bí a bá wá dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún tiwa nìkan, kí ló burú níbẹ̀? Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìdájọ́ òdodo gan-an nìyẹn.

Wọ́n fún Dennis Brutus, ará Gúúsù Áfíríkà, ní ẹ̀bùn náà. Ó kọ̀ ọ́.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹni tí Brutus jẹ́. Ìjọba apartheid ti fún olúkúlùkù ní orúkọ àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ka Brutus mọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured. Lábẹ́ òfin yẹn, eré ìdárayá pàápàá ní àwọ̀. Funfun nìkan ló lè ṣojú orílẹ̀-èdè nínú Òlíńpíìkì, ì báà jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú sáré jù ú lọ, tàbí pé ó gbé irin tó wúwo jù tirẹ̀ lọ. Ohun tí Brutus fi ayé rẹ̀ jà fún nìyẹn, pé ẹni tó bá yege ni kó lọ. Ó wà lára àwọn tó léwájú nínú ẹgbẹ́ SANROC, èyí tó ń bá àjọ Òlíńpíìkì fà á pé kí wọ́n lé Gúúsù Áfíríkà jáde. Ní 1963 ọlọ́pàá yìnbọn lù ú ní Johannesburg, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Robben. Nígbà tí Mbari tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, Sirens, Knuckles, Boots, jáde ní Ìbàdàn ní 1963, òun alára wà lẹ́wọ̀n. Gúúsù Áfíríkà kò sí níbi Òlíńpíìkì Tokyo ní 1964, àjọ náà sì lé e jáde pátápátá ní 1970.

Ẹ wá fi ara yín sípò rẹ̀. O ń sọ fún gbogbo ayé pé kò tọ́ kí àwọ̀ ara pinnu ẹni tó lè díje. Ìlú ọ̀rẹ́ wá gbé ẹ̀bùn wá fún ọ, ó ní torí pé ewì rẹ dára ni, ṣùgbọ́n kìkì aláwọ̀ dúdú la jẹ́ kó wọlé. Bí o bá gbà á, ẹnu wo lo máa fi tún bá àwọn apartheid sọ̀rọ̀? Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Òun náà mọ̀ pé ó yẹ kí kálukú máa bá tirẹ̀ díje." Brutus nílò owó, ó nílò orúkọ, inú ìyọnu ló wà. Síbẹ̀ ó dá ẹ̀bùn padà fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1966, Ààrẹ Senghor ti Sẹ̀nẹ̀gàl ṣe àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú ní Dakar. Duke Ellington lọ lu dùùrù níbẹ̀, ẹgbẹ́ oníjó Alvin Ailey wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n fún Okigbo ní ẹ̀bùn ewì tí wọ́n fi orúkọ Langston Hughes pè. Ìbàdàn níbí ni Okigbo ń gbé láyé ìgbà náà, tó ń ṣojú iléeṣẹ́ Cambridge University Press. Ìwé rẹ̀ Heavensgate, Mbari ló tẹ̀ ẹ́ ní 1962. Òun náà kọ̀ ọ́. Tirẹ̀ ni pé kò sí ewì tó ń jẹ́ ewì aláwọ̀ dúdú. Ewì tó dáa àti ewì tí ò dáa ló wà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ogun abẹ́lé pa á nítòsí Nsukka.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ìtàn méjèèjì yìí ni pé àwọn tó kọ ẹ̀bùn náà kì í ṣe àlejò tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Àwọn onílé ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn tilẹ̀kùn ni wọ́n. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún wọn, àga wà, oúnjẹ wà, wọ́n ní àwọn ò jẹ. Ìdí ni pé wọ́n rí ohun tí àwa máa ń gbàgbé: bí o bá lé ẹni tó lè borí rẹ jáde kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ náà ò ní mọ̀ láéláé bóyá o borí. Ẹni tó dá nìkan sáré tó sì gba ipò kìíní, ipò kìíní náà dà?

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ṣe ọ̀rọ̀ yìí bí agbẹjọ́ ẹnìkan dá o, torí àgbà òṣìkà là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ onílé náà wà, kì í sì í ṣe ẹjọ́ asán.

Àkọ́kọ́, ta ló ń sọ pé ewì "dáa"? Ní oṣù kẹfà 1962, Mbari wà lára àwọn tó ṣètò ìpàdé ńlá fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ní Makerere, ní Kampala. Àwọn tó ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pè. Ngugi wa Thiong'o, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà pẹ̀lú ìtàn kéékèèké díẹ̀ lọ́wọ́, rí ìwé ìpè gbà. Shaaban Robert, àgbà akéwì Swahili, kò rí gbà. D. O. Fágúnwà kò rí gbà. Fágúnwà o! Ẹni tí Ògbójú Ọdẹ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé láti 1938. Ngugi fúnra rẹ̀ ló wá padà kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ìpàdé náà ṣàìdáa sí wọn. Ẹ rí i pé kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ àlejò kí wọ́n tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí òṣùwọ̀n bá ti wá láti òde, onílé á di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Okigbo ní ewì tó dáa ni kí a máa wò, mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó tún sọ fún mi ẹni tí yóò mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́.

Èkejì, àlejò míì wà tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní 1966, ìwé eré onítàn kan jáde nínú ọ̀wọ́ African Writers Series, The Imprisonment of Obatala. Orúkọ òǹkọ̀wé ni Obotunde Ijimere. Àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá kà á bí iṣẹ́ ọmọ Yorùbá gidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó gbọ́ èdè, ẹ pè é jáde: Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè. Ọ̀bọ tún dé, ìjímèrè! Ulli Beier ni. Ó ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín, àwa tó gbọ́ náà lè rẹ́rìn-ín. Beier ṣe ohun púpọ̀ fún àṣà wa, èmi ò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àyè kan nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé Áfíríkà, ará Jámánì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú. Bí àlejò bá fẹ́ díje, ó yẹ kó fi ojú ara rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá wọ ìbòjú ti gba ẹ̀tọ́ wa láti mọ ẹni tí a ń bá jó.

Nígbà tó di àsìkò FESTAC, ìjà náà tún dìde lórí ẹni tó lè wọlé. Sẹ̀nẹ̀gàl ní kí àwọn Lárúbáwá àríwá Áfíríkà má kópa kíkún nínú àpérò ibẹ̀, kí wọ́n kàn máa wòran. Nàìjíríà kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹni tó bá wà nínú àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà kò gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà le débi tí Senghor fi halẹ̀ pé òun ò ní wá, Alioune Diop tó jẹ́ akọ̀wé àgbà sì pàdánù ipò rẹ̀ ní 1976. Àjọ̀dún náà wáyé láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì 1977, àwọn ará àríwá sì kópa. Kódà àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia àti àwọn ará Papua New Guinea wá jó. Ẹ ò rí i pé ènìyàn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà "tiwa" àti "tiwọn"? Ọdún dé, ìlà kúrò níbi tó wà.

Kí wá ni ká ṣe? Mo wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń díje nínú ìjálá. Adébóyè Babalọlá tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ bí ó ṣe máa ń rí: bí ọdẹ kan bá ń sun ìjálá, tó sì ṣi oríkì ìdílé kan pè, ọdẹ mìíràn á dá a lẹ́kun níbẹ̀, á ní irọ́ ló ń pa. Onítọ̀hún náà á sì jà fún ohun tó sọ, á ní òun mọ ohun tí òun ń wí. Ẹ kíyèsí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bóyá ó pé, bóyá ó tọ́. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o mọ̀ ọ́n. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, ilé tí wọ́n bí ọ sí ò ní gbà ọ́ sílẹ̀ lójú agbo.

Ohun kan náà ni mo rí nínú ìdíje tango. Àwọn Yamao kò mú òṣùwọ̀n Jàpáànù lọ sí Buenos Aires. Orin tí wọn ò fúnra wọn yàn ni wọ́n jó, láàrin àwọn oníjó mìíràn lórí ilẹ̀ kan náà, bí Buenos Aires ṣe ń rìn ni wọ́n rìn. Òṣùwọ̀n ti onílé ni. Èsì kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni títí ijó fi parí. Ibi tí èmi dúró sí nìyí. Onílé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tí à ń wọ̀n. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ẹni tó ń jó sórí ìwọ̀n.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ojúsàájú kì í ṣe ká yọ máàkì kúrò nìkan? Ká fi kún un náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí òde ìgbéyàwó ní Bódìjà, kí òyìnbó kan dìde jó, kó kàn ju èjìká lásán. Gbogbo àgbò á dìde, owó á máa lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, nígbà tí ọmọ tó ń jó dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò rí náírà kan. Onílé ni wọ́n rẹ́ jẹ nìyẹn. Àlejò náà, wọ́n rẹ́ òun náà jẹ, torí "ó gbìyànjú fún àlejò" kì í ṣe oríyìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.

Fún ìdí èyí, mo ní ohun mẹ́rin láti gbé síwájú ẹgbẹ́ wa. Ìkíní, kí a kọ ohun tí a fẹ́ máa wò sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀: ṣé oníjó ń gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń sọ, ṣé ó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ṣé ó lè dá ìlù lóhùn. Kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n bàtá, kí ó le, kí a má dẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìkejì, kí nọ́ńbà wà láyà oníjó dípò orúkọ, kí adájọ́ má sì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, kí ẹni tó kọ́ oníjó kan má sì dájọ́ rẹ̀. Ìkẹta, kí ẹnikẹ́ni má gba máàkì nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ilé tàbí nítorí pé ó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìkẹrin, bí ohun kan bá jẹ́ orò ìdílé, tí ìdílé náà nìkan lẹ́tọ̀ọ́ sí, kí a bọ̀wọ̀ fún un, kí a má gbé e wá sójú agbo ìdíje rárá. Oko kì í jẹ́ ti baba àti tọmọ kó má láàlà. Ṣùgbọ́n tí a bá ti lẹ ìwé ìpolongo mọ́ ara ògiri láti Àgbowó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà pé "ìdíje, ẹ wá," a ti ṣílẹ̀kùn. Kò tọ́ ká tún dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igi.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ ta bàtá fún àlejò. Rárá o. Bàtá kò ní kú nítorí pé ọmọ Auchi mọ̀ ọ́n jó. Ohun tó lè pa á ni kí àwa ọmọ ilé máa gba ipò kìíní láìjó, nítorí orúkọ bàbá wa. Bí ẹ̀rù bá ń bà wá pé yóò borí wa, ìlù ṣì wà nílẹ̀, ìgbáradì ṣì wà lálaalẹ́, ẹsẹ̀ wa ò sì rọ.

Brutus kú ní Cape Town ní 2009, ọdún kan náà tí ará Jàpáànù méjì borí ní Buenos Aires. Nígbà náà, ìjọba apartheid ti wó láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ti ń sáré fún Gúúsù Áfíríkà ní Òlíńpíìkì lọ́dún púpọ̀. Ẹ̀bùn tó kọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn kò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fi kíkọ̀ náà kọ́ Ìbàdàn ṣì wà nílẹ̀ fún wa láti mú lò. Tí ọjọ́ ìbò bá dé, ẹ mọ ibi tí èmi máa nawọ́ sí.